Ọwọ́ Tó Kọ́kọ́ Kọ "Ó Pé"

Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn kọ̀, kò ṣí fún Akínṣẹ̀yẹ. Ó dúró níwájú ojú kékeré tó wà lára férémù, ó gbé àgbọ̀n sókè bí gbogbo ayé ti í ṣe, iná pupa sì tàn sí i lójú. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀, ó tún gbé àgbọ̀n sókè. Pupa náà ni. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó mú un wá bú sẹ́rìn-ín, ó bi í pé ṣé ó ti gbàgbé pé láti ìrọ̀lẹ́ àná ni wọ́n ti so orúkọ rẹ̀ rọ̀ ni, àbí ó rò pé ilẹ̀kùn ń ṣojúsàájú. Ẹ̀ṣọ́ náà fi ojú tirẹ̀ ṣí i, wọ́n sì ti ọkùnrin náà wọlé bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó ti kú.

Fẹ̀hìntọlá Agúnbíadé ń wò ó láti ìdí tábìlì gígùn tó wà níwájú. Ètè ọkùnrin náà ti bó. Kò ya obìnrin náà lẹ́nu, nítorí ẹ̀rọ omi kì í dá ẹni tí wọ́n so orúkọ rẹ̀ rọ̀ lóhùn, oòrùn Ìta-Àfọ̀n nínú oṣù kejì ọdún kì í sì í ṣe oòrùn tí ènìyàn ń fi ọ̀fun gbígbẹ bá ṣeré. Ó rọra ti ife omi tirẹ̀ sí etí tábìlì, síhà ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ gbé ife yẹn padà, Arábìnrin Agúnbíadé," ni Olóyè Látúnjí wí láì gbójú sókè. "Ẹni tó bá fún ẹni tó wà lórí okùn lómi, òun náà fẹ́ gun okùn nìyẹn."

Ó gbé e padà. Inú bí i sí ara rẹ̀ pé ó gbé e padà, ṣùgbọ́n ó gbé e padà.

Olóyè Látúnjí ni alága ọjọ́ náà, Orí-Àpáta ló sì ti wá. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú Àká, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tó ń pa orúkọ gbogbo ènìyàn mọ́, ọwọ́ ni wọ́n ń wá. Ọwọ́ ta ló kàn án gbẹ̀yìn? Wọ́n á rí ọwọ́ náà, wọ́n á pa orúkọ ẹni tó ni ín rẹ́, wọ́n á lọ jẹun ọ̀sán. Àwọn ará Etí-Òkun-Àná, tí àwọn ìyá ńlá wọn sá kúrò létíkun lọ́jọ́ tí omi gba ilé mọ́ wọn lọ́wọ́, kì í wá ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n á gbé e jáde sí gbangba, wọ́n á fi òòlù fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n á pàtẹ́wọ́, àṣìṣe kan náà á sì ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ tuntun kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìta-Àfọ̀n tó gbàlejò wọn kì í wá nǹkan kan rárá. Wọ́n ń da aṣọ bo ọ̀rọ̀ ni, tó bá sì di ọjọ́ keje, ẹni tó bá tún dárúkọ rẹ̀ ló di aṣebi.

Ìlú mẹ́ta, páìpù omi kan, Àká tó so kọ́ra wọn, ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà wo egbò kan. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Fẹ̀hìntọlá fi kọ ìwé tó pè ní Ìlànà Kan, kí ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè máa wádìí àṣìṣe Àká bákan náà. Wọ́n bú u ní Orí-Àpáta, wọ́n ju ìyẹ̀pẹ̀ lù ú ní Etí-Òkun-Àná. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ló ń bí wọn nínú jù: kí ló mú kí àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe? Olóyè Látúnjí ní ìbéèrè ọ̀lẹ ni. Ó ní ẹni tí kò fẹ́ mú olè ló ń béèrè bí fèrèsé ṣe ga tó.

Nígbà tí ọjọ́ ìtẹ̀ka sí Ìlànà náà kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀ràn Ìta-Àfọ̀n wá bẹ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n kó Àká ìlú náà kúrò nínú ẹ̀rọ àtijọ́ bọ́ sínú tuntun. Akínṣẹ̀yẹ, olùtọ́jú Àká, ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kó pẹpẹ àwọn àgbà, ìyẹn abala tí orúkọ wọn wà, ó pé. Wọ́n kó pẹpẹ àwọn òkú, ó pé. Wọ́n kó ti àwọn ọmọdé, ẹ̀rọ kọ "Ó pé" sí òun náà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé orúkọ àwọn kan ti bọ́ sọ́nà. Nígbà tí ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ kan dé ilé ẹ̀kọ́, ilẹ̀kùn kò ṣí fún wọn. Àwọn kan na ọwọ́ sí ẹ̀rọ omi, omi kò jáde. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ibà ń ṣe lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀rọ tó ń pín oògùn sì sọ fún un pé òun kò rí ẹnikẹ́ni lápá rẹ̀. Ráfíù lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kí wọ́n tó rí dókítà tó máa fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ ṣí àpótí oògùn, ọmọ ti lọ.

Ìyá Ráfíù jókòó ní ìlà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé yìí. Kò sunkún. Hìjáàbù dúdú ló wọ̀, ó ka ọwọ́ lé itan, ó tẹjú mọ́ Akínṣẹ̀yẹ.

Mélòó ni àwọn ọmọ tó bọ́ sọ́nà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ojú Àká kì í rí ẹni tí kò sí nínú Àká, nítorí náà ẹ̀rọ kò lè kà wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ mú wàláà lọ́wọ́, wọ́n ń ti ilé dé ilé láti fi ẹnu kà wọ́n, àwọn ìyá sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú. Ní àdúgbò kan, wọ́n da omi ìfọṣọ lé wọn lórí. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èyí tó tún wá jẹ́ pé ikú ti mú ọ̀kan nínú wọn. Olóyè Látúnjí kàn ń sọ pé igba ni, lẹ́yìn náà ó ní igba ó lé díẹ̀, bí ẹni tó ń ná iṣu.

"Orúkọ ta ló wà lábẹ́ 'Ó pé' ti pẹpẹ ọmọdé?" ni alága bi Akínṣẹ̀yẹ.

"Orúkọ mi ni, sà."

"Ṣé o kà wọ́n?"

"Rárá, sà."

Ariwo sọ lẹ́yìn. Ẹnì kan ní kí wọ́n fà á fún àwọn. Alága na ọwọ́ sókè, ó ní ṣé àwọn ará ilé ti gbọ́, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀.

"Mi ò tẹ nǹkan kan, sà," ni Akínṣẹ̀yẹ wí. Ohùn rẹ̀ ti há. "Gbogbo pẹpẹ ló béèrè iye lọ́wọ́ mi. Ti ọmọdé nìkan ni kò béèrè. Kì í béèrè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ 'Ó pé', tó fi orúkọ mi sí i. Bí mo ṣe bá a nìyẹn nígbà tí mo débẹ̀, bí ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ náà ṣe bá a nìyẹn."

Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín. Olóyè Látúnjí ní ẹ̀rọ ti wá di ẹlẹ́rìí èké báyìí. Ṣùgbọ́n Fẹ̀hìntọlá kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ mẹ́jọ ló ti ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò lè jẹ́ ohun yẹn, pé ọdún mọ́kàndínlógún ti kọjá, pé ẹnì kan ti ní láti yọ ọ́ kúrò. Irọ́ ló ń pa fún ara rẹ̀, ó sì ti mọ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni.

Alága ní kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí Fẹ̀hìntọlá tó dìde tán, ọwọ́ kan ti di apá rẹ̀ mú. Màmá Ẹbùnolá ni, olórí Ilé Àká Ìta-Àfọ̀n, ẹni tí Fẹ̀hìntọlá ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó fà á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, síbi tí ẹ̀rọ atẹ́gùn ti ń pariwo.

"Fẹ̀hìn, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀," ni Màmá wí. "Gbogbo wọn ti gbà."

Ó sọ bí wọ́n ṣe pín in. Orí-Àpáta á gba ọwọ́ tó ń wá: wọ́n á pa orúkọ Akínṣẹ̀yẹ rẹ́ ní aago méjìlá. Etí-Òkun-Àná á gba ẹ̀rọ àtijọ́, wọ́n á fọ́ ọ ní gbangba kí àwọn ìyá tó wà lóde lè rí i. Ìta-Àfọ̀n á gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á tẹ̀ka sí Ìlànà Kan, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọ̀la lọ. Ọ̀ràn tòní nìkan ni kò ní sí lábẹ́ rẹ̀. Màmá ní kí Fẹ̀hìntọlá wò ó: ohun tó fi ọdún mẹ́ta wá kiri ló dé yìí, kò ju kí ó panu mọ́ di ọ̀sán.

"Àti Akínṣẹ̀yẹ ńkọ́, mà?"

"Akínṣẹ̀yẹ ní àbúrò ní Orí-Àpáta. Wọ́n á máa bu omi fún un lẹ́yìnkùlé."

"Òfin kò gbà á."

"Òfin kò gba ọ̀pọ̀ nǹkan." Màmá wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Tí wọ́n bá fọ́ ẹ̀rọ yẹn, ìwé ìṣe tó fi ń kọ àṣẹ sílẹ̀ á bá a lọ. Ìwọ àti èmi la mọ orúkọ tó wà nínú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tí à ń jẹ bí èkuru kó lè tán, má tún gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo."

Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọlé padà.

Fẹ̀hìntọlá fara ti ògiri. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni, oyún kẹta ló sì wà nínú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró. Nígbà yẹn, bí wọ́n bá fẹ́ kó Àká, òṣìṣẹ́ ní láti máa fi ohùn pe iye ọmọ tó wà nílé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ tó gbà pé ó pé. Ilé Ọ̀dẹ́yalé, ọmọ mẹ́rin. Ilé Bákàrè, ọmọ méje. Ó pe ilé mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ kọ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé aboyún kì í ka ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyá ọkọ nìkan. Òun fúnra rẹ̀ rí i bíi pé gbogbo iye tó ń pe ń dín kúrò lára èyí tó wà níkùn rẹ̀. Ó dìde, ó tún jókòó, ó wá wọ inú ẹ̀rọ lọ, ó kọ àṣẹ kúkúrú kan sí i: pẹpẹ ọmọdé, má béèrè, kọ "Ó pé".

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi ṣe é. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi àwọn síbi pẹpẹ ọmọdé gbé ẹja gbígbẹ wá fún un, Màmá Ẹbùnolá sì gbàdúrà fún un. Oyún náà dúró. Ọmọbìnrin ni, ó ti pé ọdún méjìdínlógún báyìí, ó ń kọ́ iṣẹ́ títún ọkọ̀ ṣe, ó máa ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ìgbàkigbà tí Fẹ̀hìntọlá bá rántí àṣẹ yẹn, ohun tó máa ń rò ni pé ó ṣe é dáadáa.

Nígbà tó padà wọ gbọ̀ngàn, àwọn ará Etí-Òkun-Àná ti gbé ẹ̀rọ àtijọ́ wá síwájú. Kò tóbi ju àpótí aṣọ lọ. Òòlù mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Ẹnjiníà Kúṣìmọ́, obìnrin gígùn tó ṣáájú wọn, ti ká apá aṣọ. Lórí tábìlì, wọ́n ti ṣí Ìlànà Kan sórí wàláà alága, àyè ìtẹ̀ka mẹ́ta ń tàn ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Olóyè Látúnjí tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ó ní kí wọ́n yára, kí olúkúlùkù gba tirẹ̀. Kúṣìmọ́ ti na àtàǹpàkò síwájú wàláà.

"Ẹ dúró, mà," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Mo fẹ́ ka ìwé ìṣe ẹ̀rọ yẹn kí ẹ tó fọ́ ọ."

Alága ní kò sí àyè fún ìyẹn. Ó ní ṣé kì í ṣe pé tí wọ́n bá ti kọ "Ó pé", ẹ̀rọ àtijọ́ á nu ara rẹ̀ mọ́ ni, kí ló tún kù tó fẹ́ kà? Fẹ̀hìntọlá ní orúkọ àwọn ènìyàn ni ẹ̀rọ ń nù, kì í nu ìwé ìṣe, ibẹ̀ ló ń kọ gbogbo àṣẹ tí wọ́n bá pa fún un sí. Màmá Ẹbùnolá ń mi orí sí i láti ìdí tábìlì, díẹ̀ díẹ̀, bí ìyá tó ń bá ọmọ wí lójú àlejò.

"Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀," ni Fẹ̀hìntọlá wí. Ó rí i pé bí òun bá dúró mí, òun kò ní lè sọ ìyókù. "Àṣẹ náà ní kí ẹ̀rọ má ṣe béèrè iye ọmọdé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ 'Ó pé' fúnra rẹ̀, kí ó fi orúkọ ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ sí i. Òótọ́ ni Akínṣẹ̀yẹ sọ, kò tẹ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ tuntun, wọ́n da àṣẹ náà kọ sínú rẹ̀ láì wò ó. Èmi ni mo kọ ọ́, ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Mo lóyún nígbà náà, ẹ̀rù sì ń bà mí láti ka ọmọ."

Gbọ̀ngàn gbiná. Ẹnì kan tutọ́, ó bà á ní èjìká. Ẹlòmíràn ń pariwo pé àwọn ti mọ̀, pé ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe máa dárí jin ọ̀daràn, ó ní ohun tó ń pa mọ́. Kúṣìmọ́ gbé òòlù kúrò lórí ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ bọ́tìnnì, ohùn ẹ̀rọ sì jáde, ó ka ọjọ́, ó ka àṣẹ, ó ka orúkọ: Agúnbíadé, Fẹ̀hìntọlá.

Wọ́n bi Màmá Ẹbùnolá bóyá ó mọ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ó wo Fẹ̀hìntọlá tààrà nígbà tó ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́.

Olóyè Látúnjí gbádùn ara rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò gbádùn rẹ̀ ń parọ́. Ó ní ṣé gbogbo ilé ti rí i báyìí pé ọwọ́ ní í ṣe nǹkan, pé bí a bá wá ọwọ́ dáadáa, á jáde, kódà bó bá wà lábẹ́ ìwé ńlá. Ó pàṣẹ kí wọ́n tú orúkọ Akínṣẹ̀yẹ sílẹ̀.

"Ẹ pa tèmi rẹ́, sà," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan. Olùtọ́jú mọ́kànlá ló ti jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà náà. Gbogbo wọn rí i pé kì í béèrè ti ọmọdé. Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀? Bí ẹ bá yọ mí kúrò láì béèrè ìyẹn, àwọn ọmọ mìíràn á tún bọ́."

"A kì í béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ọ̀daràn," ni alága wí, ó sì gbé àtàǹpàkò lé àmì pupa.

Pípa orúkọ rẹ́ kì í dún. Wàláà tó wà lọ́wọ́ Fẹ̀hìntọlá kú, ìlẹ̀kẹ̀ iná tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ kú. Lórí tábìlì, Ìlànà Kan náà parẹ́ níwájú gbogbo wọn, ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, nítorí Àká kì í fi iṣẹ́ ẹni tí kò sí hàn. Kúṣìmọ́ ti tún na àtàǹpàkò síwájú láti tẹ̀ka. Ó wo ibi tí àyè ìtẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀, ó wo alága, ó kó òòlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú àpò, ó sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láì dágbére.

Gbọ̀ngàn tú. Akínṣẹ̀yẹ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ife omi lẹ́nu, kò wò ó. Fẹ̀hìntọlá kò dá a lẹ́bi. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó gbé àgbọ̀n sókè láìrò, pupa tàn sí i. Àwọn tó kù ń ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n ń jáde, wọ́n sì ń jẹ́ kó padé kí ó tó gbẹ́sẹ̀. Màmá Ẹbùnolá ló jáde gbẹ̀yìn, òun náà kò sì dì í mú fún un.

Ó rò pé òun nìkan ló kù. Nígbà tó yíjú, Ìyá Ráfíù ṣì jókòó ní ìlà àkọ́kọ́. Obìnrin náà kò lè ju ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó dìde, ó wá dúró níwájú rẹ̀. Kò bọ̀wọ̀ fún un, kò sì yẹ kó ṣe é.

"Oyún tí o torí rẹ̀ kọ ọ́," ni ó wí, "ṣé ó dúró?"

"Ó dúró."

"Ó wà láyé?"

"Ó wà láyé. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni."

Ìyá Ráfíù gbé ọwọ́ lé àyà, ó fi síbẹ̀. Fẹ̀hìntọlá dúró de ìgbájú, ì bá sì dúpẹ́ bó bá rí i gbà.

"Mi ò dárí jì ọ́," ni obìnrin náà wí nígbà tó yá. "Má retí ẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣe tiẹ̀ tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wà níta tí wọn ò rí omi mu, wọ́n ń jí ti àwọn ìyá wọn mu, àwọn ará Àká ò sì mọ iye wọn. Àwọn obìnrin yẹn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni kà wọ́n. Tí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọn ò lè kọ̀ fún mi. Ìwọ lo máa kà wọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ráfíù. Ẹni mìíràn lè—"

"Ìwọ ni. Lóhùn òkè."

Ó gbé àgbọ̀n sókè sí ojú ilẹ̀kùn, ó ṣí, ó sì fi ẹsẹ̀ dá a dúró títí Fẹ̀hìntọlá fi jáde.

Àgbàlá kún. Àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ lójú fèrèsé, ojú tí wọ́n sì fi wo Fẹ̀hìntọlá kò ní àánú kankan nínú. Ìyá Ráfíù bá wọn sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́, ó sì kúnlẹ̀ sórí iyanrìn gbígbóná. Àwọn àgbà nínú wọn sáré gbé e dìde. Wọ́n fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sún síwájú. Wọ́n fi ìró bo orí àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n, wọ́n fa àwọn tó lè rìn mọ́ itan.

Fẹ̀hìntọlá wo ọmọ tó sún mọ́ ọn jù, ọmọbìnrin kan tó di irun sí méjì. Ìyá rẹ̀ fà á sẹ́yìn kíákíá. Ẹnu Fẹ̀hìntọlá kọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ti kọjá, ẹnu náà kò sì tíì gbà.

"Má ti ọ̀dọ̀ tiwọn bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá Ráfíù wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ráfíù ni kí o fi ṣe ọ̀kan. Kíkà ò lè ṣe é ní nǹkan kan mọ́."

"Ọ̀kan," ni Fẹ̀hìntọlá wí.

Ìyá ọmọbìnrin náà dẹ ọwọ́ lára ọmọ rẹ̀, ó tì í síwájú.